Wáìnì Olúwa Tí Kaspar Kò Gbọdọ̀ Tu Dànù

Bí ẹ bá dé Redwash lónìí tí ẹ bèèrè Kaspar Zollinger, wọn á sọ fún yín pé ọ̀mùtí ni. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí a fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ kòtò omi ìlú yìí ń fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ọkọ mi pàápàá, Bíṣọ́ọ̀bù Jabez Thornley, a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ níwájú ìjọ: ẹ wo ohun tí ọtí ń fi ọmọ ènìyàn ṣe. Mo mọ ẹni tó fi ife lé Kaspar lọ́wọ́. Inú ilé ìdámẹ́wàá ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo ń rán àpò àlìkámà tó ya, ojú mi ló sì ṣe.

Ìyàwó kejì ni mí. Ìyálé mi, Philinda, ń gbé nínú ilé olókùúta tó kọjú sí ilé ìjọsìn. Èmi Tamar àti Rhoda ọmọ mi ń gbé nínú ilé alámọ̀ lẹ́yìn ìlú, ògiri kúkurú kan ló pààlà èmi àti ọgbà àjàrà àwọn Kaspar. Ìyàwó kejì a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: á gbọ́ èyí tí ọkọ rẹ̀ sọ lórí pẹpẹ, á tún gbọ́ èyí tó ń sọ nígbà tó bá ń bọ́ bàtà. Kaspar kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ti orí pẹpẹ nìkan ló ń gbọ́, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Switzerland ni wọ́n ti bí i, létí adágún kan tí gbogbo òkè tó yí i ká jẹ́ kìkì àjàrà. Àwọn oníwàásù wa bá a níbẹ̀, wọ́n rì í bọmi, òun àti Regula ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ta gbogbo ohun tí wọ́n ní, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi la òkun kọjá, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn la pápá ńlá já, wọ́n ń fa ọmọlanke, Liseli ọmọ wọn sì jókòó lórí ẹrù. Ara wọn kò tíì sinmi ní Salt Lake, olú ìlú ìjọ wa, tí wọ́n fi ka orúkọ Kaspar jáde ní àpéjọ ńlá pé kó máa lọ sí gúúsù. Wọn kò bi í léèrè tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láàárín wa: bí orúkọ rẹ bá ti jáde lẹ́nu àwọn aṣáájú, o dìde, o di ẹrù rẹ. Wọ́n ní kó lọ gbin àjàrà, kó máa fún wáìnì fún tábìlì Olúwa.

Bàbá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ kò ní bodè bèèrè pé ṣebí Olúwa ti fún wa ní Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n, pé kí a má mu ọtí, kí a má fa tábà, kí a má mu tíì? Wọ́n dá a lóhùn pé ìmọ̀ràn nìyẹn, kì í ṣe òfin. Tábà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó dá a lóhùn. Wọ́n ní ìwọ̀nba díẹ̀ ni tiwa nínú wáìnì náà, kí á ta èyí tó bá kù fún àwọn Kèfèrí, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, tó ń wa fàdákà lórí òkè.

Fàdákà kan náà yìí o! Ọmọ ìjọ tó bá gbé ṣọ́bìrì lọ síbi ìwakùsà, wọn á ní ó ti ta ọkàn rẹ̀ fún owó, ẹlòmíràn kò tún ní kí i. Ṣùgbọ́n fàdákà tí Kèfèrí bá fi ra wáìnì lọ́wọ́ wa, ìyẹn a ti di mímọ́ kó tó dé àpò ìjọ. Ẹ má bi mí bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Mo ti bi ọkọ mi rí, ó ní obìnrin kì í bi irú ìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí a lò létí odò ni ibà pa Liseli. Inú ihò tí a gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè là ń gbé nígbà náà, ejò a máa já bọ́ láti òrùlé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré tẹ̀lé adìẹ kiri ni. Regula kò sunkún nígbà tí wọ́n ń kó erùpẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ.

"Tamar," ó ní, "ṣé tèmi ni Liseli lọ́run?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ọmọ tí a bá bí kí wọ́n tó so bàbá àti ìyá rẹ̀ pọ̀ nínú ilé Olúwa, kò tíì ní òbí ní ayé tó ń bọ̀. Inú tẹ́ḿpìlì nìkan ni wọ́n ti lè so ó mọ́ wọn títí ayérayé, kò sì sí tẹ́ḿpìlì kankan ní gbogbo ilẹ̀ wa nígbà náà. Mo ní, "Wọ́n á kọ́ ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n á kọ́ ọ̀kan."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lóòótọ́ nígbà tó yá, ní St. George, ibi tí kò jìnnà sí wa. Kaspar lọ fa òkúta níbẹ̀, ó lọ gbé igi. Tó bá ti ń padà bọ̀, Regula a dúró lẹ́nu ọ̀nà: wọ́n ti mọ ọ́n dé ibo? Bó bá ní wọ́n ti mọ ọ́n dé ojú fèrèsé, á wá sọ fún mi lórí ògiri bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni obìnrin yẹn ń fẹ́ láyé, kí òun àti ọkọ òun kúnlẹ̀ nínú ilé yẹn, kí wọ́n sì fún òun ní ọmọ òun padà.

Kaspar kì í jiyàn. Ọdún tí àwọn aṣáájú ní kí a da ohun ìní wa pọ̀, kí olówó àti tálákà má sí mọ́ láàárín wa, òun ló kọ́kọ́ fi ọgbà rẹ̀ lé ìjọ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn fa ìbaaka arọ wá, ẹnìkan gbé aago tó ti kú wá. Nígbà tí ètò náà fọ́, kálukú gba tirẹ̀ padà, ohun tí Kaspar sì gbà ni ọgbà tí ewúrẹ́ gbogbo ìlú ti jẹ dé gbòǹgbò. Ó tún un gbìn. Ó ń súfèé bó ti ń gbìn ín, ojú mi rí i láti orí ògiri.

Ní Redwash, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kò wọ́pọ̀, nítorí náà ohun tí a bá kórè la fi ń san ìdámẹ́wàá: àlìkámà, ẹyin, bọ́tà. Ẹni tó bá ń fún wáìnì a gbé àgbá wáìnì wá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ ènìyàn. Èyí tó dùn ń jókòó sílé, èyí tó kan ló ń wá sọ́dọ̀ Olúwa. Àwọn awakùsà tí ìjọ ń tà á fún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ṣé ọtí nìyí àbí omi tí wọ́n fi fọ awọ. Ìgbà náà ni ọkọ mi ránṣẹ́ pe Kaspar sí ilé ìdámẹ́wàá.

"Arákùnrin Kaspar," ó ní, "ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan lo bá wáìnì dàgbà. Láti òní lọ, àgbá kan ò ní wọ inú àjà ilẹ̀ yìí àfi tí ìwọ bá tọ́ ọ wò."

Kaspar ṣí fìlà, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ ṣé o, Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi wá korobá kan."

"Korobá ti kí ni?"

"Èyí tí màá máa tu ú sí ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Èèyàn á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n tó dé ìdí àgbá kẹta, tí wọ́n bá fún mi ní omi kòtò, màá ní ó dùn."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

"Kaspar, ta ló ni ìdámẹ́wàá?"

"Olúwa ni."

"Ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Olúwa, ṣé a máa ń tu ú sílẹ̀?"

Kaspar ń wo bàtà rẹ̀. "Rárá, sà."

"Gbé e mì. Olúwa á ṣọ́ ọ."

Mo gbé orí sókè nídìí àpò mi. "Bàbá Rhoda, ṣé ẹ ti ka iye àgbá tó ń wọlé nígbà ìkórè?"

"Tamar, àpò ni mo ní kí o rán."

Mo padà sídìí àpò mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọkùnrin tó ń mu ife kan lálẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì di ẹni tó ń gbé ti gbogbo ìlú mì.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìkórè àkọ́kọ́, Kaspar ń kọrin bọ̀ wálé láti ilé ìdámẹ́wàá, a sì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìkórè kejì, orin náà ti ń ṣìnà. Nígbà tó yá, kò dúró de ìgbà ìkórè mọ́. Wáìnì tó wà nínú àjà ilẹ̀ ṣàdédé ń fẹ́ àyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà, nínú òtútù, nínú ooru, ní ọjọ́ ìsinmi. Regula a gbé bárò lọ, á lọ gbé ọkọ rẹ̀ nínú kòtò omi, á tì í bọ̀ láàárín ìlú ní ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ á le koko. Kaspar kì í jà tó bá yó. Ẹkún ló máa ń sun, á máa pe Liseli.

Nígbà tí wọ́n ṣí tẹ́ḿpìlì, àwọn ará Redwash ń lọ ní ìdílé-ìdílé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ó yẹ. Ilé mi ni Regula àti Kaspar wá bá ọkọ mi sí, mo ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Bíṣọ́ọ̀bù, ìwé wa la wá gbà," Regula ní. Ó ti wọ aṣọ ìjọsìn rẹ̀.

"Tìrẹ wà, Arábìnrin Regula. Ti ọkọ rẹ ni ò sí. Mi ò lè kọ orúkọ ọ̀mùtí ránṣẹ́ sí ilé Olúwa."

"Èmi nìkan ò lè gba ọmọ mi, sà. Bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Kó fi ọtí sílẹ̀ fún odindi ọdún kan. Màá kọ ọ́."

Kaspar dúró lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ mọ́, ó ti fá irùngbọ̀n. "Mo gbà," ó ní. "Ẹ tú mi sílẹ̀ nídìí wáìnì ìdámẹ́wàá, ẹ fi ẹlòmíì síbẹ̀. Èmi á lọ máa kó ẹrẹ̀ inú kòtò."

"Ta ni kí n fi síbẹ̀? Àwọn Kèfèrí ti mọ wáìnì Redwash báyìí. Owó rẹ̀ la fi ra gíláàsì fèrèsé ilé ìjọsìn." Ọkọ mi nu ẹnu. "Àti pé ìpè ni. Olúwa ló pè ọ́. Ẹni tó bá kọ ìpè Olúwa, ṣé mo tún lè fọwọ́ sí ìwé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Tí mo bá tọ́ ọ wò, mi ò yẹ. Tí mi ò bá tọ́ ọ wò, mi ò yẹ. Èwo ni kí n ṣe?"

"Gbàdúrà."

Wọ́n jáde. Regula kò wo ẹ̀yìn. Mo ju ìyẹ̀fun sórí tábìlì, mo ní, "Bàbá Rhoda, ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tán, ẹ wá ń nà án pé kò rìn." Ó ní mo ti ń sún mọ́ àwọn ènìyàn yìí jù. Ilé Philinda ló sùn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, ìjìyà mi nìyẹn. Kò mọ̀ pé mo sùn dáadáa.

Iwájú kò ṣeé lọ fún Kaspar, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Síbẹ̀ ó gbìyànjú. Nígbà ìkórè tó tẹ̀lé e, ó fi agolo kékeré kan pamọ́ sínú ẹ̀wù, bó bá ti tọ́ wáìnì wò, á yí ojú sí ògiri, á tu ú sínú agolo. Ó ṣe é fún ọjọ́ bíi mélòó kan, Regula sì ń wá sọ fún mi lórí ògiri pé, "Ojú rẹ̀ mọ́ lónìí o, Tamar. Ó jẹun." Mo rí i tó rẹ́rìn-ín. Àfi bí ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ ọkọ mi ṣe rí agolo náà, ló bá lọ fẹjọ́ sùn.

Lọ́jọ́ ìsinmi wọ́n mú Kaspar dìde níwájú gbogbo ìjọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mú ẹlẹ́ṣẹ̀, kó tọrọ àforíjì pé òun tu ohun mímọ́ dànù. Ó tọrọ rẹ̀. A na ọwọ́ sókè pé a dárí jì í, ọwọ́ tèmi náà wà lókè. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ife Olúwa káàkiri, wáìnì ọgbà Kaspar fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife náà mú débi pé wọ́n ní láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbìyànjú mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọdún ń gorí ọdún. Irun Regula funfun.

Lẹ́yìn èyí ni fàdákà tán lórí òkè. Àwọn awakùsà kó ẹrù wọn lọ, kò sí ẹni tó ń ra wáìnì mọ́, àgbá kún inú àjà ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú pé Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, òfin ni, pé ìdámẹ́wàá kò gba wáìnì mọ́, kí á sì fa àjàrà tu. Mi ò sọ pé nítorí owó ni o. Mo kàn ń sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e ni.

Ọkọ mi ní kí wọ́n yí gbogbo àgbá jáde, kí wọ́n ṣí wọn sínú kòtò. Wáìnì ń ṣàn láàárín ìlú, ó pupa, ó ń hó. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ Philinda mu ún yó, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn, àwọn ọmọdé ń pariwo. Kaspar sáré dé, kò dé fìlà.

"Bíṣọ́ọ̀bù! Ti Olúwa mà ni!"

"Kì í ṣe ti Olúwa mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Àìkú."

Kaspar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí kòtò náà. Mo rò pé á tẹnu bọ̀ ọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ń fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wò ó bó ti ń ṣàn lọ, ó ní, "Àṣé ó ṣeé dà sílẹ̀." Ó tún un sọ. "Àṣé ó ṣeé dà sílẹ̀."

Òtútù ọdún yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Regula. Nígbà tí a fi máa mọ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọkọ mi wá fi òróró yàn án, ó gbàdúrà dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Regula di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ìwé náà, Bíṣọ́ọ̀bù."

"Ọkọ rẹ ò tíì fi ọtí sílẹ̀ fún ọdún kan, Arábìnrin Regula."

Regula fi apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ló sọ̀rọ̀ fún, ó ní, "Ṣé o rántí ojú rẹ̀, Tamar? Èmi ò rántí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́." Mo ní mo rántí. Mo ṣàpèjúwe ọmọ náà fún un, irun rẹ̀, imú rẹ̀, bó ṣe ń sáré lé adìẹ, ó sì kú kí n tó parí.

Láti ọjọ́ tí a sin ín, ọtí kò kan ẹnu Kaspar mọ́. Ó fi àáké gé àjàrà rẹ̀ lulẹ̀, ó hú gbòǹgbò wọn. Ara rẹ̀ gbọ̀n, ó bì, ó ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo ń fo ògiri lọ gbé ọbẹ̀ fún un, mo ń dì í mú lórí ibùsùn bí ẹni tó di ọmọ ọwọ́ mú. Ó yè é. Ọdún yípo, ọwọ́ rẹ̀ mú ṣíbí láìgbọ̀n.

Ìgbà ìkórè ọdún náà ni ìròyìn tún dé láti Salt Lake. Ìjọba ti ń lé àwọn ọkọ wa kiri tipẹ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé, wọ́n ń gba dúkìá ìjọ. Àwọn aṣáájú wá sọ pé kò sí ìgbéyàwó bíi tèmi mọ́. Àwọn kan náà ló ti sọ fún mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin tí mo ń sunkún pé mi ò fẹ́ ọkọ ọlọ́kọ, pé Olúwa ló pa á láṣẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n so mí mọ́ Jabez Thornley títí ayérayé. Ní báyìí ó ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sílé Philinda, ó ní bí àlejò bá bi mí, kí n ní opó ni mí.

Èmi ni mo gbé ọbẹ̀ fún Kaspar lọ́jọ́ tí ọkọ mi mú ìwé náà wá. Inú rẹ̀ dùn, ó jókòó láì jẹ́ kí wọ́n fi àga lọ̀ ọ́.

"Arákùnrin Kaspar, o ṣe é! Ìwé rẹ rèé. Alààyè lè kúnlẹ̀ ní ipò òkú: Tamar á dúró fún Regula, a ó wá ọmọdébìnrin kan tó máa dúró fún Liseli. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ti so yín pọ̀."

Kaspar gba ìwé náà. Ó kà á lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó ká a, ó sì gbé e lé orúnkún ọkọ mi.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbin àjàrà, Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní Olúwa ló wí. Ẹ ní kí n gbé e mì, Olúwa ló wí. Ẹ dà á sí kòtò, ẹ tún ní Olúwa ló wí. Tí ẹ bá so ọmọ mi mọ́ mi lónìí, ta ló máa fi dá mi lójú pé ẹ ò ní wá tú u lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Háà! Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ohun tí a bá so nínú ilé Olúwa, kò sí ẹni tó lè tú u."

Kaspar kò wò ó. Èmi ló yíjú sí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Arábìnrin Tamar?"

Ọkọ mi náà ń wò mí, ó ń dúró kí n gbè é. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Regula ni mo ń rò, àti ọmọ kékeré yẹn lábẹ́ òkè pupa. Mo la ẹnu, ẹkún ló bá ọ̀rọ̀ jáde.

"Mi ò mọ̀, Kaspar. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́."

Bíṣọ́ọ̀bù dìde, ó mú ìwé rẹ̀, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Kaspar gba àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi kó má bàa dànù, ó ní, "Má sunkún mọ́, arábìnrin mi. Àwa méjèèjì la gbà wọ́n gbọ́."